"Àǹtí, iṣẹ́ wo ni kí n kọ síbí?" Mi ò rí èsì fún un

aro_lowo_mi (Àkúrẹ́)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi á gùn díẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, mo lọ sí káfẹ́ kan nítòsí South Gate FUTA láti forúkọ òwò mi sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC. Ọdún kẹrin rèé tí mo ti ń sọ pé màá ṣe é. Mo mú owó dání, mo mú káàdì ìdánimọ̀, mo tilẹ̀ wọ aṣọ tó dáa bí ẹni ń lọ sí òde. Ọmọkùnrin tó ń bá mi tẹ̀ ẹ́ ní kí n mú orúkọ méjì wá, kó lè jẹ́ pé bí ẹlòmíràn bá ti gba àkọ́kọ́, èkejì á wà nílẹ̀. Mi ò tíì ní orúkọ kankan. Ó ní kò burú, ká fò ó ná. Ló bá ní, "Àǹtí, iṣẹ́ wo ni kí n kọ síbí?"

Mo ní àdìrẹ. Mo ní rárá, dúró ná. Mo ní iṣẹ́ ọnà ni. Ó ní irú ọnà wo? Èrò ti tò sẹ́yìn mi, ẹnì kan ti ń pòṣé. Mo sọ fún un pé mo gbàgbé nǹkan sílé, mo bọ́ síta. Mi ò gbàgbé nǹkan kan sílé.

Ẹ jẹ́ n ro ohun tí mò ń ṣe fún yín, kí ẹ bá mi sọ ọ́ lórúkọ.

Industrial Design ni mo kà ní FUTA. Nígbà tí mo lọ fún IT, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́ tí yunifásítì ń rán wa lọ, ọ̀dọ̀ ìyá aláró kan l'Óṣogbo ni mo ti lo oṣù mẹ́fà, ibẹ̀ ni aró ti wọ̀ mí lára. Ní 2020 tí kòrónà dé, tí ASUU náà daṣẹ́ sílẹ̀, mo fi àgékù àdìrẹ rán ìbomú, mò ń tà á fún àwọn ọlọ́kadà lójú ọ̀nà Ọ̀yẹ́mẹkùn. Ẹnì kan tó ra ìbomú béèrè bóyá mo lè fi aṣọ yẹn rán bùbá. Mo ní mo lè ṣe é. (Mi ò lè ṣe é. Télọ̀ àdúgbò ló bá mi rán an.) Ẹni tó ra bùbá ní ìyá òun kú, ṣé mo lè kọ orúkọ màmá sára ogójì kọ́ọ̀pù tí wọ́n fẹ́ pín lóde òkú. Mo ní mo lè ṣe é. Mo yáwó ra ẹ̀rọ tó ń tẹ̀ ẹ́. Pásítọ̀ kan rí kọ́ọ̀pù náà, ó ní ṣé mo lè ya pósítà ìsọjí. Mo ní mo lè ṣe é.

Ẹnu "mo lè ṣe é" ló gbé mi dé ibi tí mo wà yìí. Tí ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù mi lẹ́bàá Ọjà Ọba, àdìrẹ ló wà lápá ọ̀tún. Lápá òsì, kọ́ọ̀pù, páànù àti báàgì tí àwòrán olóògbé wà lára wọn, èyí tí àwọn ẹbí ò wá kó tán. Ẹni tó bá wá ra aṣọ á kọ́kọ́ kí bàbá kan tó ti kú láti ọdún tó kọjá.

Ohun tó wá dá kún un: oṣù tó kọjá, oníbàárà mi kan gbé aṣọ kan wá, ó ní kí n wò ó bóyá èmi ni mo ṣe é. Àdìrẹ ẹ̀rọ ni, èyí tí wọ́n ń tẹ̀ ní Ṣáínà. Yáàdì márùn-ún, ₦9,000. Tèmi, ₦22,000. Bátánì ara rẹ̀ bá tèmi mu bí ìbejì, òṣùpá ńlá kan láàárín, àwọn kéékèèké yí i ká. Mo fẹ́ pariwo olè, mo wá rántí pé Òṣùbàǹbà ni, bátánì àwọn ìyá àgbà. Èmi náà mú un lò ni, ẹnikẹ́ni ò fún mi.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní kí n pa aró tì, pé kọ́ọ̀pù ló ń san owó ilé. Ọ̀rẹ́ mi kan l'Ékòó ní kí n pa kọ́ọ̀pù tì, kí n lọ wá ojúlówó ara mi, kí n wá gbé e sórí Instagram. Níbo ni kí n ti lọ wá a? Àkúrẹ́ ni mo wà láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi.

Mo ti pé ọmọ ọdún 31. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Iṣẹ́ wo ni kó kọ síbẹ̀?

---

keyboard_alagbaka

Àǹtí, ẹ ní kó kọ "aṣọ àti iṣẹ́ ọnà", kí ẹ sanwó, kí ẹ lọ sùn. Ó ṣeé yí padà lọ́jọ́ iwájú. Èmi kọ "òwò gbogboogbò". Mò ń tún fóònù ṣe, mò ń ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù, lọ́sẹ̀ tó kọjá mo bá ẹnì kan ta ewúrẹ́. Ẹnikẹ́ni ò tíì wá mú mi.

---

aro_lowo_mi

Ẹ ṣeun. Mo gbà pé fọ́ọ̀mù lásán ni. Àmọ́ ká ní kò sí fọ́ọ̀mù, mi ò tún mọ èsì.

---

omo_ekimogun_58 (Oǹdó)

Ọmọ mi, mo kí ọ. Télọ̀ ni mí tẹ́lẹ̀ ní Yábà, l'Óǹdó níbí. Ojú ò jẹ́ kí n lè fi òwú bọ abẹ́rẹ́ mọ́, ìyẹn ni mo fi ráyè máa kọ̀wé síbí.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ń sọ̀rọ̀ bíi pé èèyàn ní láti kọ́kọ́ mọ ara rẹ̀ tán kó tó mú irinṣẹ́. Ọmọ Oǹdó kan wà tí gbogbo ayé mọ̀, King Sunny Adé. Ìdílé ọba ni wọ́n ti wá níbí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Òṣogbo ni wọ́n bí wọn sí ní 1946. Ǹjẹ́ o mọ̀ pé kì í ṣe jùjú ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀? Ẹgbẹ́ hááláìfù Moses Ọláìyá ni wọ́n ti ń lu ìlù. Moses Ọláìyá wo? Bàbá Sàlá fúnra wọn! Bàbá Sàlá tí ẹ̀yin mọ̀ sí aláwàdà, onígíláàsì ràbàtà, olórin ni wọ́n nígbà yẹn. Rò ó wò ná. Ọkùnrin méjì nínú ẹgbẹ́ kan ṣoṣo. Ọ̀kan jáde níbẹ̀ ó di ọba jùjú, ọ̀gá tó gbà á síṣẹ́ di bàbá àwọn aláwàdà. Nínú àwọn méjèèjì, kò sí èyí tó kú sídìí hááláìfù.

1967 ni Sunny dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, wọ́n pè é ní Green Spots. Ẹni tó bá gbọ́n á mọ ibi tí orúkọ yẹn ti wá, nítorí Blue Spots ni ẹgbẹ́ I.K. Dairo ń jẹ́, Dairo sì lọ̀gá jùjú nígbà náà. Orúkọ àkọ́kọ́ yẹn, ẹ̀yìn ọ̀gá ni wọ́n fi ń tọ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó pa á dà sí African Beats. Gìtá tí wọ́n ń tẹ́ bí tábìlì, tí àwọn òyìnbó Amẹ́ríkà fi ń kọ orin oko wọn, àwọn ni wọ́n gbé e wọnú jùjú, tó wá dà bíi pé láti ilé bàbá wa ló ti wá. Ṣé ọjọ́ tí wọ́n ń lùlù lẹ́yìn Bàbá Sàlá ni wọ́n ti mọ ìyẹn?

Jẹ́ n sọ tèmi náà. Nígbà tí mo gba òmìnira iṣẹ́, mo kọ ọ́ sí pátákó mi gàdàgbà pé KÓÒTÙ ÀTI SÚÙTÙ. Ojú mi wà l'Ékòó. Ọdún mẹ́ta gbáko, agbádá ni wọ́n ń gbé wá. Agbádá, dàńṣíkí, ṣòkòtò kẹ̀ǹbẹ̀. Súùtù méjì péré ni mo rán, mo ba ọ̀kan jẹ́. Lọ́dún kẹrin, òjò fọ ọ̀rọ̀ náà dànù lójú pátákó, mi ò kàn tún un kọ.

Nítorí náà má pa ohunkóhun tì ná. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà.

---

keyboard_alagbaka

Bàbá, ẹ̀yin náà ẹ rántí pé ẹni tó lé eku méjì á pòfo o.

---

omo_ekimogun_58

Ta ló bá ọ sọ̀rọ̀, ìwọ aléwúrẹ́ta?

---

owo_lomo (Ọ̀wọ̀)

Ẹ jẹ́ n sọ èyí tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ sọ. Àdìrẹ kì í ṣe ti Àkúrẹ́. Abẹ́òkúta ń jẹ́ Abẹ́òkúta nídìí rẹ̀, Òṣogbo náà, Ìbàdàn náà. Ẹ lọ kọ́ ọ l'Óṣogbo, ẹ mú bátánì àwọn ìyá àgbà ibòmíràn, ẹ wá ń yà yín lẹ́nu pé ẹ ò mọ ẹni tí ẹ jẹ́.

Ní Ọ̀wọ̀ lọ́dọ̀ wa, àwọn obìnrin ló ń hun aṣọ lórí òfì tó dúró gbọọrọ, kì í ṣe bíi ti àwọn ọkùnrin Ìsẹ́yìn tó ń nà tantan sílẹ̀. Sẹghosẹn ni aṣọ iyì wa, kì í ṣe aṣọ tí èèyàn kàn ń wọ̀ lọ ra ata. Ìyá ìyá mi hun ún. Kò sí ẹni tó bi wọ́n pé iṣẹ́ wo ni kí òun kọ síwèé, torí gbogbo àdúgbò ló ń gbọ́ ìró òfì. Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní aṣọ tirẹ̀. Kí ló dé tí gbogbo ẹ̀yin tó jáde ní FUTA fi ń sáré lọ sí Ìtòkú, ọjà àdìrẹ Abẹ́òkúta?

---

aro_lowo_mi

Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ yín ta mí. Mo jẹun tán kí n tó lè dá yín lóhùn.

Mo gbà pé l'Óṣogbo ni mo ti kọ́ ọ. Àmọ́ ìyá ìyá mi ní Ìjù ní ìkòkò aró lẹ́yìn ilé. Mo bá ìkòkò yẹn láyé. Ó ti fọ́ lápá kan, adìẹ ló ń mumi nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ ṣì dúdú bí òru. Ewé ẹ̀lú àti omi eérú ni wọ́n ń lò, gẹ́gẹ́ bí màmá mi ṣe sọ ọ́. Wọn ò ya òṣùpá, wọn ò ya ẹyẹ. Kíjìpá funfun làwọn èèyàn ń gbé wá, wọ́n á bá wọn pa á láró, kó dúdú, kó má sì ṣí. Ó parí. Kò sí bátánì kankan.

Torí náà ẹ má fi Ọ̀wọ̀ halẹ̀ mọ́ mi. Ṣùgbọ́n ti bátánì ẹlòmíràn yẹn, ẹ bá mi níbẹ̀.

---

iya_alaso_isinkan (Àkúrẹ́)

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Mo ti ka orin, mo ti ka òfì, mo ti ka ewúrẹ́. Ẹnì kankan ò tíì béèrè ìwé.

Àbúrò, ṣé o ní ìwé tí o ń kọ ọjà sí? Tí o bá ní, mú un jáde lálẹ́ òní. Má ka owó. Orí èèyàn ni kí o kà. Mú bírò pupa, kí o sàmì sí gbogbo ẹni tó rà lọ́wọ́ rẹ tó sì tún padà wá fúnra rẹ̀. Ẹni tí o pè, ẹni tí o fi àwòrán bẹ̀, ẹni tó jẹ́ ẹbí rẹ, má sàmì sí wọn.

Tí o bá ṣe ìyẹn tán, pe márùn-ún nínú wọn. Má bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ. Gbogbo wọn ni wọ́n á ní àwọn fẹ́ràn rẹ, wọ́n á tún gbàdúrà fún ọ. Bi wọ́n pé kí ló ṣe wọ́n lọ́dọ̀ ẹlòmíràn tí wọ́n fi padà sọ́dọ̀ rẹ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa sọ òótọ́, torí kò sí ẹni tí kì í fẹ́ sọ ti ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́.

Aláṣọ ni mí ní Ìsinkàn, ọdún 21 rèé. Nígbà kan, mo gbà pé léèsì tí mò ń lọ kó l'Ékòó ló ń mú wọn wá. Gbèsè ọkọ̀, gbèsè ọjà, oorun ojú ọ̀nà. Ìgbà tí mo béèrè ni mo mọ̀ pé torí mo máa ń ṣí ṣọ́ọ̀bù kí aago méje tó lù ni. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń lọ sí Alágbàká ń yà ra aṣọ kí wọ́n tó wọ ọ́fíìsì, torí tí wọ́n bá ṣíwọ́ tán, ó ti rẹ̀ wọ́n. Léèsì mi ò ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Mo dín ìrìn Èkó kù sí ẹ̀ẹ̀kan lóṣù.

Lórí kọ́ọ̀pù: ohun tó ń san owó ilé, má bú u. Ṣùgbọ́n ka iye ọjọ́ tó ń gbà lọ́wọ́ rẹ, kí o sì kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ èrè.

---

aro_lowo_mi (lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún)

Màmá, mo ti ṣe é. Ìwé méjì ààbọ̀, oṣù mẹ́rìnlá. Bírò pupa tán lọ́nà, mo parí rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́ẹ̀dì.

Kọ́ọ̀pù àti ohun ìpín òde: iṣẹ́ 31. Mẹ́ta ló padà wá. Méjì nínú mẹ́ta yẹn jẹ́ ilé kan náà, bàbá lọ, màmá náà tẹ̀ lé e láàárín ọdún kan. Irú oníbàárà bẹ́ẹ̀, èèyàn ò lè gbàdúrà pé kó padà wá.

Pósítà: pásítọ̀ ń padà wá dáadáa. Owó rẹ̀ ni kì í padà wá.

Àdìrẹ: èèyàn 58. Mọ́kànlélógún padà wá. Mo jókòó lórí àpótí nígbà tí mo kà á tán, torí lójú tèmi, àdìrẹ ló ń kú lọ.

Mo wá pe márùn-ún. Ẹ̀kíní, nọ́ọ̀sì kan, ó ní aṣọ tí òun rà lọ́wọ́ ẹlòmíràn ṣí, ó pa ìdọ̀tí aró sára bùbá funfun ọkọ òun, ìjà ọjọ́ méjì. Tèmi, ó ti fọ̀ ọ́ tó ìgbà mẹ́fà, kò tú sára nǹkan kan. Ẹ̀kejì ní kì í ṣí. Ẹ̀kẹta ní àga ìjókòó ṣọ́ọ̀ṣì ni, òógùn mú òun, aró ẹlòmíràn yí àga pa. Ẹ̀kẹrin ní ṣọ́ọ̀bù mi súnmọ́ ilé òun. Ẹ̀kàrún-ún ní bátánì mi rẹwà gan-an. Ìyàwó bọ̀dá mi ni ẹ̀kàrún-ún. Mo mọ̀ pé ẹ ní kí n má ka ẹbí, mo kàn fẹ́ gbọ́ ọ létí ni.

Ẹ má bínú, inú bí mi. Ọdún márùn-ún ni mo lò ní yunifásítì. Mo kọ́ bí ojú ṣe ń rìn lórí aṣọ, mo kọ́ bí àwọ̀ ṣe ń bá àwọ̀ sọ̀rọ̀. Èèyàn wá ń ra ọjà mi bí ẹni ń ra kòkò tí kì í jò!

Mo ń fọ abọ́ lálẹ́ ọjọ́ kejì kí n tó ronú kan ohun tó fà á. Ìyá tó kọ́ mi l'Óṣogbo kì í jẹ́ ká rì aṣọ sínú aró lẹ́ẹ̀kan kó dúdú. A ó rì í díẹ̀, a ó fà á yọ, a ó fẹ́ ẹ sí atẹ́gùn. Nígbà tó bá kọ́kọ́ jáde, àwọ̀ ewé ló máa ń ní, yóò wá máa yí padà lójú wa títí yóò fi di àwọ̀ aró. A ó tún rì í. Ìgbà mẹ́fà, ìgbà mẹ́jọ. Lẹ́yìn ìyẹn a ó máa ṣàn án títí omi tó ń jáde lára rẹ̀ á fi mọ́ tó èyí tí wọ́n lè fi sebẹ̀. Ọwọ́ mi a máa dúdú débi pé mo máa ń kó o sábẹ́ báíbù tí wọ́n bá ń gba Ara Olúwa. Èmi náà ń lo kẹ́míkà, kọ́stíìkì àti haidírọ́ọ̀sì, mi ò ní purọ́ ẹ̀lú fún yín. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń kánjú ń po ó lágbára, wọ́n á rì aṣọ sí i lẹ́ẹ̀kan, á dúdú kíá. Ojú aṣọ ni aró yẹn kàn jókòó sí. Omi àkọ́kọ́ á gbé e lọ bá bùbá ọkọ èèyàn.

Gbogbo ọdún yìí, mo rò pé báyìí ni gbogbo ayé ṣe ń ṣe é.

Lórí èrè: aṣọ mẹ́fà, ọjọ́ mẹ́ta, ₦57,000. Ọgọ́rùn-ún kọ́ọ̀pù, òru mẹ́rin torí ìgbà tí iná bá wá ni, ₦38,000. Ṣùgbọ́n oníkọ́ọ̀pù ń san ìdajì kí n tó fọwọ́ kan nǹkan, aṣọ ni màá ṣe tán kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó máa rà á. Ìyẹn ni ẹ̀gbọ́n mi ń rí, tí mò ń pè é ní aláìmọ iṣẹ́ ọnà.

---

omo_ekimogun_58

Kó dúdú, kó má sì ṣí. Ta ló kọ́kọ́ kọ ọ̀rọ̀ yẹn síbí? Yí ojú ìwé padà sókè, kí o kà á.

---

aro_lowo_mi

Bàbá, mo rí i. Ara mi bù máṣọ.

---

tisa_oloyemekun (Àkúrẹ́)

Ẹ jẹ́ n dá sí ti bátánì, torí ẹ ti fi í sílẹ̀.

Òṣùbàǹbà tí o mú lò kì í ṣe olè. Ṣùgbọ́n wo bí àwọn tó ń ya àdìrẹ ẹlẹ́kọ ṣe ń mú tiwọn. 1929 ni wọ́n ṣí gbọ̀ngàn Mápó n'Íbàdàn. Àwọn obìnrin wo òpó rẹ̀, wọ́n fi ìyẹ́ adìẹ àti ẹ̀kọ láfún yà á sáṣọ, wọ́n pè é ní Ìbàdàn Dùn. Ní 1935, ọba Gẹ̀ẹ́sì, George Karùn-ún, ṣe àjọ̀dún ọdún 25 lórí oyè. Wọ́n ya òun àti ayaba rẹ̀ sáṣọ, wọ́n pè é ní Ọlọ́ba. Ohun tó wà níwájú wọn ni wọ́n ń yà. Kò sí ẹni tó lọ wá a jìnnà.

Ìwọ ńkọ́? Ó ju ọdún mẹ́wàá lọ tí mo ti ń sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi bí àwọn àgbà ṣe ń pa ìtàn orúkọ ìlú yìí: pé ìlẹ̀kẹ̀ oyè tó wà lọ́rùn olórí tó tẹ ìlú dó wúwo, ó já, wọ́n ní "Àkún rẹ́!", ibẹ̀ sì di Àkúrẹ́. Mi ò tíì rí aṣọ kan tí ìlẹ̀kẹ̀ jíjá wà lára rẹ̀. Àdìrẹ oníko, èyí tí wọ́n ń so, sì ni iṣẹ́ rẹ. Ẹ ṣáà ń fi ìko so òkúta wẹ́wẹ́ tàbí hóró sínú aṣọ kó lè yọ róbótó róbótó. Kí ni ìlẹ̀kẹ̀ tún ń fẹ́?

---

aro_lowo_mi (lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta)

Mo ní kí n má kọ nǹkan kan títí màá fi ní nǹkan lọ́wọ́.

Tísà, mo ṣa òkúta ní ẹ̀yìnkùlé, mo so ó. Aṣọ àkọ́kọ́, nígbà tí mo tú u, ṣọ̀pọ̀nná gbáà ni. Màmá mi ní kí n má gbé e wọ inú ilé. Èkejì, mo so òkúta kan náà kan náà káàkiri, ó dà bí ẹyin àparò. Ẹ̀kẹta ni mo rí i pé kó tó lè jọ ìlẹ̀kẹ̀ tó já, ó ní láti kọ́kọ́ tò. Mo so wọ́n ní ìlà tó tẹ̀ bí ọrùn, ńlá láàárín, kékeré létí, mo wá jẹ́ kí ìlà náà já níbì kan, kí ìyókù fọ́n ká lọ sí etí aṣọ. Mo rì í lẹ́ẹ̀mẹjọ. Nọ́ọ̀sì tí mo sọ níjelòó ti gbé e lọ, kò tilẹ̀ béèrè kí ni bátánì náà ń jẹ́. Ó fi ìka pa á, ó wo ìka rẹ̀, ó sanwó.

Mo sọ fún pásítọ̀ pé mi ò ya pósítà mọ́. Ó gbàdúrà fún mi, ó ní ṣé mo mọ ẹlòmíràn tó lè bá òun ṣe é láwìn. Ẹ̀rọ kọ́ọ̀pù, mo fà á lé ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́, òun ló kúkú mọ iyì rẹ̀. A ó jọ pín èrè títí di oṣù kejìlá, ká tún wò ó. Ó ti kó àwọn olóògbé kúrò ní ṣọ́ọ̀bù mi. Ojú mi ṣì máa ń wá bàbá yẹn láàárọ̀.

Mo padà sí káfẹ́ lánàá. Ọmọkùnrin yẹn náà ló wà níbẹ̀. Ó ní, "Àǹtí, ẹ ti rí nǹkan tí ẹ gbàgbé sílé?" Ó béèrè iṣẹ́, mo ní pípa aṣọ láró àti títà á. Ó béèrè orúkọ, mo ní Aláró. Ó tẹ̀ ẹ́, ó wò ó, ó ní kò sí àmì lórí kíbọ́ọ̀dù òun, pé ẹlòmíràn lè kà á bíi pé ẹja àrọ̀ ni mò ń tà. Mo rẹ́rìn-ín títí ẹni tó wà lẹ́yìn mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í pòṣé. Mo fún un ní èkejì, Àkún Rẹ́. Ó ní èyí dáa jù, ṣé kí òun fi í ṣíwájú?

Mo ní kó fi Aláró ṣíwájú.

---

owo_lomo

Mo ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ mi nípa Ọ̀wọ̀.

Ẹ bá mi gé yáàdì márùn-ún nínú ìlẹ̀kẹ̀ jíjá yẹn, ìyá mi ń ṣe ọjọ́ ìbí lóṣù tó ń bọ̀. Bùbá funfun ni wọ́n máa wọ̀ sí i. Tó bá ṣí, ibí ni mò ń bọ̀.